Idà Oníke: Yíyàn Rẹ̀ àti Bí A Ṣe Ń Fi Í Dánra Wò

Ẹni tó bá kọ́kọ́ gba idà oníke lọ́wọ́, á jù ú fìrì-fìrì nínú afẹ́fẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, á ní, “Họ́wù, ó mà fúyẹ́ o!” Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu wọn ní gbọ̀ngàn tí a ti ń dánra wò, èmi náà sì sọ ọ́ lọ́jọ́ tèmi. Fífúyẹ́ yẹn ló mú kí idà oníke wúlò, òun náà ló sì ń tan ènìyàn jẹ. Idà oníke lè kọ́ yín láti mọ àlàfo tó wà láàrin yín àti ẹni tí ẹ jọ ń jà, ó lè kọ́ yín ní àsìkò, ó sì lè mú ojora kúrò lára yín. Ṣùgbọ́n nígbà tí idà bá pàdé idà, tí méjèèjì so mọ́ra, irọ́ ló ń pa fún ọwọ́. Ẹni tó bá mọ ibi tó ti ń sọ òótọ́ àti ibi tó ti ń parọ́ á jẹ èrè rẹ̀ fún ọdún púpọ̀.

Idà tí mò ń sọ níbí ni idà gígùn àwọn ará Yúróòpù, èyí tí a ń fi ọwọ́ méjèèjì dì mú, tí àwọn ọ̀gá ilẹ̀ Jámánì àti Ítálì kọ ìwé lé lórí. Fiore dei Liberi kọ tirẹ̀ ní Ítálì ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún. Wọ́n tẹ ìwé Joachim Meyer ní Strasbourg lọ́dún 1570. Lónìí, àwọn ẹgbẹ́ wà káàkiri Yúróòpù àti Amẹ́ríkà tí wọ́n ń ka irú àwọn ìwé bẹ́ẹ̀, tí wọ́n sì ń fi ara dán ohun tó wà nínú wọn wò. Èyí tó pẹ́ jù lọ nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀ tó ṣẹ́ kù wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Royal Armouries ní ìlú Leeds, I.33 ni wọ́n ń pè é. Àlùfáà kan àti akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ni wọ́n yà sínú rẹ̀, idà ọlọ́wọ́ kan àti asà kékeré ni wọ́n fi ń jà. Nígbà tí ìwé náà fẹ́ parí, obìnrin kan tó ń jẹ́ Walpurgis ló wá kojú àlùfáà. Obìnrin yẹn ni mo máa ń rántí bí ẹnìkan bá ní eré ọkùnrin ni.

Kí ike tó dé, igi ni ọ̀pọ̀ fi ń kọ́ṣẹ́. Vegetius, ará Róòmù, kọ ọ́ pé àwọn ọmọ ogun tuntun a máa fi idà onígi gbá òpó tí wọ́n rì mọ́lẹ̀, àti pé idà onígi náà wúwo ní ìlọ́po méjì idà gidi. Ọgbọ́n ńlá nìyẹn: ọwọ́ tó ti mọ ẹrù wúwo, bó bá di ojú ogun, idà gidi á dà bí ìyẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn ará Jámánì ní tiwọn lo idà irin tí kò mú, tí abẹ rẹ̀ tín-ín-rín, tó sì ń tẹ̀ bí wọ́n bá fi gún ènìyàn. Feder ni a ń pe irú rẹ̀ lónìí. Idà oníke dojú ọgbọ́n Róòmù dé, torí ó fúyẹ́ ju ohun tí a fi í dípò rẹ̀ lọ. Ẹni tó bá lò ó lọ́dún kan láìfi irin sí i, ọjọ́ tó bá gbé irin ni apá rẹ̀ á sọ fún un.

Èé ṣe tí a fi ń lò ó nígbà náà? Owó ni àkọ́kọ́. Iye tí a ń ra Feder kan lè ra idà oníke mẹ́ta. Ẹgbẹ́ tuntun tó ní ọmọ mẹ́wàá lè fún olúkúlùkù ní tirẹ̀ láìjẹ gbèsè. Èkejì, ààbò ara tí ẹ nílò láti kojú rẹ̀ dín díẹ̀ sí ti irin. Díẹ̀ ni mo wí o, màá padà sórí ọ̀rọ̀ yẹn.

Ike kì í ṣe oríṣi kan

Oríṣi méjì ni ẹ máa bá pàdé jù: polypropylene àti náílọ́ọ̀nù. Polypropylene ni ike tí wọ́n fi ń ṣe ọ̀pọ̀ àga tí a ń háyà fún òde. Ẹni tó bá ti jókòó sórí irú àga bẹ́ẹ̀ rí lẹ́yìn tó ti pẹ́ nínú oòrùn, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ dédé kán sábẹ́ rẹ̀, ti mọ ohun tí oòrùn ń ṣe fún ike yìí. Òtútù pẹ̀lú kò bá a lára mu. Nínú gbọ̀ngàn tí kò ní ìgbóná lóṣù kejì ọdún nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó lè ya láìrò tẹ́lẹ̀. Idà polypropylene sábà máa ń jẹ́ ẹyọ kan láti orí dé ìdí, ó nípọn, kò sì wọ́n. Ó dára fún ẹni tó fẹ́ máa gbá táyà tàbí òpó nínú àgbàlá rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní tèmi, n kò ní gbà kí ẹnikẹ́ni fi í kojú mi, nítorí kì í tẹ̀ bí a bá gún ènìyàn. Ẹni tó sáré bọ̀ wá pàdé rẹ̀ bí ẹni sáré pàdé ọmọ odó ni.

Náílọ́ọ̀nù ló yẹ fún ìjà ìdánrawò. Ó le, síbẹ̀ ó ń tẹ̀, ó sì ń padà sípò. Bí ẹ bá ra àlòkù, tí ẹni tó tà á kò mọ irú ike tó jẹ́, ẹ fi ọ̀bẹ bó ìrẹ́pẹ́ kékeré kan lára abẹ rẹ̀, ẹ jù ú sínú omi tí ẹ ti kán ọṣẹ sí, kí ẹ rò ó pọ̀. Polypropylene á léfòó. Náílọ́ọ̀nù á rì. Mo ti fi èyí yọ ara mi nínú ọjà burúkú.

Èyí tí wọ́n tò pọ̀ ló dára jù: abẹ lọ́tọ̀, irin ìdábùú tó ń dáàbò bo ọwọ́ lọ́tọ̀, kókó ìdí rẹ̀ lọ́tọ̀, tí nọ́ọ̀tì sì di gbogbo rẹ̀ mú. Bí abẹ bá kú, abẹ nìkan ni ẹ ó pààrọ̀. Black Fencer ní Sípéènì àti Purpleheart Armoury ní Amẹ́ríkà wà lára àwọn tó ń ṣe idà oníke. Kí ẹ tó ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni, ẹ kọ́kọ́ béèrè èyí tí ẹgbẹ́ yín ń lò. Bí ẹnìkan bá mú idà tó wúwo wá, tí ẹlòmíràn mú èyí tó dà bí pàṣán, ìjà wọn kò ní kọ́ ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan.

Ẹ wò ó dáadáa kí ẹ tó sanwó

Ìwọ̀n kọ́kọ́. Idà gígùn gidi ti ayé àtijọ́ sábà máa ń wọ̀n láti kìlógíráàmù 1.1 dé 1.8. Feder òde òní wà láàrin 1.3 àti 1.6. Idà oníke bẹ̀rẹ̀ láti nǹkan bí gíráàmù 800, àwọn tó wúwo jù sì lè dé kìlógíráàmù 1.4. Ẹ má ra èyí tí kò tó kìlógíráàmù 1. Mo mọ̀ pé èyí tó fúyẹ́ máa ń wu ẹni tuntun, torí apá kì í tètè ro ó. Kó jẹ́ kí apá ro òun. Lẹ́yìn oṣù méjì, ìrora náà á ti lọ.

Ìwọ̀n nìkan kò tó o. Irin wúwo tó ìlọ́po méje náílọ́ọ̀nù, nítorí náà abẹ oníke fúyẹ́ gan-an, àwọn tó ń ṣe é sì máa ń kó irin sí ìdí èkù kí gbogbo rẹ̀ lè wúwo. Idà méjì lè jọ wọ̀n kìlógíráàmù 1.2, kí ọ̀kan máa jà bí idà, kí èkejì máa jà bí ẹgba tí wọ́n so òkúta mọ́ nídìí. Ẹ gbé abẹ náà lé ìka kan, kí ẹ máa sún un títí yóò fi dúró láìtẹ̀ sí ọ̀tún tàbí òsì. Bí ibi tó ti dúró bá wà láàrin sẹ̀ǹtímítà 5 sí 10 síwájú irin ìdábùú, ó dára. Bó bá jẹ́ orí irin ìdábùú gan-an ló ti dúró, ẹ dá a padà.

Gígùn rẹ̀ ń kọ́? Philippo Vadi, ọ̀gá ará Ítálì kan lẹ́yìn Fiore, ní bí a bá fi ṣóńṣó idà kanlẹ̀, kí orí èkù rẹ̀ dé abíyá ẹni tó ni ín. Ìmọ̀ràn yẹn ṣì dára títí dòní, ẹni kúkúrú tó bá tẹ̀ lé e kò ní máa fi idà ẹlòmíràn gbálẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, ẹ dán bó ṣe ń tẹ̀ wò. Ẹ fi ṣóńṣó rẹ̀ ti ògiri ní ìwọ̀n àyà, kí ẹ tì í díẹ̀díẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ tẹ̀ bí ọrun láti àárín abẹ lọ sí ṣóńṣó, kó sì nà padà tó bá kúrò lára ògiri. Bó bá jẹ́ ojú kan ṣoṣo ló ti ṣẹ́po, ibẹ̀ ni yóò ti kán. Ẹ tún dì í mú ní ọ̀ọ́kán, ẹ ṣá afẹ́fẹ́, kí ẹ dá ọwọ́ dúró lójijì. Bí orí rẹ̀ bá ń gbọ̀n jìgìjìgì fún ìgbà pípẹ́, ìṣòro ńlá nìyẹn: ẹ ó dá idà ẹnìkejì dúró lóòótọ́, ṣùgbọ́n orí rẹ̀ yóò tẹ̀ kọjá tiyín, yóò sì nà yín létí. Ẹ̀yin kò ṣe àṣìṣe, ẹnìkejì náà kò mọ ohun kan ṣe. Ike ló jà fún un.

Ṣóńṣó rẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣe rìbìtì, kó fẹ̀ tó àtàǹpàkò ó kéré tán. Èkù rẹ̀ kò gbọdọ̀ rí roboto bí ọwọ́ ìgbálẹ̀, kó ní ẹ̀gbẹ́ bí ẹyin tí wọ́n tẹ̀, kí ọwọ́ lè máa mọ ibi tí ẹnu idà kọjú sí láìwò ó. Àwọn àgbà wa ní bí ọwọ́ ọmọdé kò bá tíì tẹ èkù idà, kì í béèrè ikú tó pa baba rẹ̀. Ní tiwa níbí, bí ọwọ́ kò bá tíì mọ èkù idà, kó má tíì béèrè ìjà.

Ohun tí ẹ ó wọ̀

Lọ́dún kejì tí mo bẹ̀rẹ̀, ìbọ̀wọ́ aláwọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni mo wọ̀ lọ́jọ́ kan, nítorí mo rò pé ike lásán ni. Idà náílọ́ọ̀nù bọ́ sí àtàǹpàkò mi lórí èkù. N kò gbọ́ “kákáá” kankan; mo kàn rí i pé ìka náà kò gbọ́ ọ̀rọ̀ mọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni n kò fi lè di bọ́tìnnì ẹ̀wù mi fúnra mi. Ẹni tó gbá mi kò mọ̀ọ́mọ̀, kò sì lo agbára ju bó ṣe yẹ lọ. Ìka ọwọ́ ni ó máa ń fara gbọgbẹ́ jù nínú iṣẹ́ yìí, nítorí ọwọ́ ló máa ń wà níwájú, egungun rẹ̀ kò sì ní ẹran lórí. Nítorí náà, ẹ na owó lé ìbọ̀wọ́ kí ẹ tó na owó lé idà. Ìbọ̀wọ́ àwọn tó ń gbá họ́kì orí yìnyín lè gba ni bí owó kò bá tíì tó, ṣùgbọ́n ẹ yẹ orí ìka àti ẹ̀gbẹ́ àtàǹpàkò rẹ̀ wò, ibẹ̀ ni ààbò rẹ̀ ti máa ń tín-ín-rín.

Ìbòjú onírin wẹ́wẹ́ ti àwọn tó ń fi idà ṣeré Olímpíìkì ni gbogbo wa ń lò. Ẹ ó rí 350N tàbí 1600N lára rẹ̀. Nọ́ńbà yẹn ń sọ bí aṣọ ìgbá-àgbọ̀n rẹ̀ ṣe lágbára tó kí nǹkan mímú má baà gún un já. Kò sọ nǹkan kan nípa bí orí yín á ṣe rí bí wọ́n bá gbá a. Ọ̀pọ̀ ló ń ṣì í gbọ́, wọ́n á ní “1600 ni tèmi,” wọ́n á sì dúró kí wọ́n máa gba ìgbá lórí. Bákan náà, ìbòjú yẹn ṣófo lẹ́yìn. Ẹ gbọ́dọ̀ fi ìbòrí tó nípọn bo ìpàkọ́. Bí wọ́n bá gbá ẹnìkan lórí, tó ní orí ń fọ́ òun, tàbí òòyì ń kọ́ òun, tàbí iná mànàmáná ń ni òun lójú, ìjà rẹ̀ ti parí lọ́jọ́ náà, àní bó bá tiẹ̀ ń bẹ̀bẹ̀. Ẹ mú un lọ rí dókítà.

Ọ̀fun gbọ́dọ̀ ní ààbò tó le. Ìgúnpá, orúnkún, abẹ́ fún ọkùnrin àti àyà fún obìnrin, gbogbo wọn náà ló nílò tiwọn. Jákẹ́ẹ̀tì tó nípọn tó bo ẹ̀yìn ọrùn kún un.

Nígbà tí idà bá pàdé idà

Nínú gídígbò, bí ẹni méjì bá ti di ara wọn mú, ọwọ́ ni ó ń sọ fún olúkúlùkù ibi tí ẹnìkejì fẹ́ tẹ̀ sí. Ojú kò yára tó o. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ẹ̀kọ́ àwọn ará Jámánì rí nípa idà. Fühlen ni wọ́n ń pè é: kí ọwọ́ máa gbọ́ ohun tí idà ẹnìkejì ń wí. Bí irin bá pàdé irin, ẹnu méjèèjì á gé ara wọn jẹ díẹ̀, wọ́n á so. Ní ìṣẹ́jú àáyá yẹn, ẹ ó mọ̀ bóyá ẹnìkejì ń tì líle tàbí ọwọ́ rẹ̀ dẹ̀. Bó bá ń tì líle, ẹ jẹ́ kó lọ, kí ẹ yí gba òdìkejì. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá dẹ̀, ẹ tì í wọlé, kí ẹ gún un.

Náílọ́ọ̀nù kì í so. Bí abẹ méjì bá pàdé, yálà kí wọ́n yọ̀ lára wọn yọ̀ọ̀, tàbí kí wọ́n ta padà pàù. Ọmọ tuntun tí kò mọ nǹkan mìíràn á wá gbà pé bí idà ṣe rí nìyẹn. Kò ní dúró gbọ́ nǹkan kan mọ́; á máa fò láti ìṣá kan sí òmíràn bí ẹni ń lé eṣinṣin. Mo ti rí ẹni tó ti ń jà lọ́dún mẹ́ta, tó yára bí àṣá, tó jẹ́ pé lọ́jọ́ tó gba Feder, idà àkọ́kọ́ tó bá a so ló dá a dúró. Kò mọ ohun tó kàn.

Ohun tí a fi ń tún un ṣe ni pé kí ẹ má fi ike kọ́ ẹ̀kọ́ ìsopọ̀ idà. Bí ẹgbẹ́ yín bá ní Feder méjì péré, ẹ jẹ́ kí olúkúlùkù lò ó fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ́sẹ̀, jẹ́jẹ́, fún ẹ̀kọ́ yìí nìkan. Igi líle náà sàn ju ike lọ níbi èyí. Lẹ́yìn náà, bí ẹ bá padà sórí ike, ẹ máa fi ìdí abẹ, èyí tó sún mọ́ ọwọ́, dá idà ẹnìkejì dúró; ibẹ̀ kì í tẹ̀, kì í sì í tètè yọ̀. Ẹ má sì ṣe dán abẹ tuntun títí tí yóò fi máa kọ mànà. Ike tó ti há díẹ̀ lẹ́nu máa ń dì mọ́ra ju èyí tó ń dán lọ.

Etí pẹ̀lú ń ranni lọ́wọ́. Bí ẹ̀gbẹ́ pẹlẹbẹ idà bá ba ìbòjú, á ró “pàáà” bí àbàrá. Bó bá jẹ́ ẹnu rẹ̀ ló bà á, ohùn rẹ̀ á ki, á sì kúrú: “gbì.” Idà gidi tó bá fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ kò ní gé nǹkan kan. Nínú gbọ̀ngàn wa, bó bá ti ró “pàáà,” ẹni tó gbá a fúnra rẹ̀ ló máa ń ké pé òun kò gbà á.

Àjọkú ni àrùn kejì. Nítorí ike fúyẹ́, tí kò sì bani lẹ́rù, ẹni méjì á jọ wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n á jọ gbá ara wọn, wọ́n á sì rẹ́rìn-ín. Bó bá ṣe idà gidi ni, òkú méjì la bá gbé. Òfin tí mo fẹ́ràn ni èyí: bí àjọkú bá di mẹ́ta nínú ìjà kan, àwọn méjèèjì ti fìdí rẹmi, kí wọ́n kúrò lójú agbo. Láàrin oṣù kan, àwọn ènìyàn á bẹ̀rẹ̀ sí í bo ara wọn kí wọ́n tó wọlé. Òfin kejì: ẹni tó bá gbá ẹnìkejì gbọ́dọ̀ fi idà bora jáde, nítorí bí wọ́n bá tún gbá a kó tó jáde, tirẹ̀ náà ti bàjẹ́.

Ẹ má ṣe fi ike kojú irin láéláé. Irin á ya ẹnu rẹ̀ yánnayànna láàrin ìṣẹ́jú díẹ̀, ìrẹ́pẹ́ ike sì lè fò.

Ìtọ́jú

Lẹ́yìn ìjà kọ̀ọ̀kan, ẹ fi ìka tó wọ ìbọ̀wọ́ ra ẹnu idà láti ìdí dé orí. Ike tó bá ti ya máa ń hu ẹ̀gún wẹ́wẹ́ tó lè la awọ ènìyàn bí abẹ fífá-irùngbọ̀n. Ẹ fi ọ̀bẹ bó o, kí ẹ fi sáńpépà pa á, ó tán. Ẹ yẹ nọ́ọ̀tì ìdí èkù wò, ó máa ń tú. Ẹ tẹ abẹ náà díẹ̀ lójú ìmọ́lẹ̀: bí ìlà funfun bá hàn níbì kan, ike ti bẹ̀rẹ̀ sí í ya láti inú. Ọjọ́ náà ni iṣẹ́ rẹ̀ pin.

Ẹ má fi í sílẹ̀ nínú mọ́tò lọ́jọ́ oòrùn, á wọ́. Bó bá ti wọ́, ẹ da omi gbígbóná sí i, ẹ tẹ́ ẹ sórí pákó títẹ́jú, kí ẹ gbé ẹrù lé e títí yóò fi tutù. Náílọ́ọ̀nù tún ń mu omi díẹ̀díẹ̀. Èyí tó bá gbẹ jù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ amúlé-gbóná máa ń le gan-an, ó sì máa ń yá láti kán. Ìgun ilé tó tutù díẹ̀ ló yẹ ẹ́.

Bí ẹ bá ń gbé e lọ sí gbọ̀ngàn, ẹ fi sínú àpò gígùn tó ní síìpù, kí ẹ má sì yọ ọ́ títí ẹ ó fi wọlé. Láti òkèèrè, kò sẹ́ni tó lè mọ̀ pé ike ni. Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ wà ní London, Manchester tàbí Houston ni mo ń bá wí jù, nítorí mo mọ ojú tí àwọn kan fi ń wo ọ̀dọ́ aláwọ̀ dúdú ní bọ́ọ̀sì alẹ́. Ọ̀rọ̀ yìí ká mi lára, n kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni já a kúnra.

Abẹ tó bá kú, ẹ má sọ ọ́ nù. Níwọ̀n ìgbà tí kò bá sí ìlà funfun lápá ìdí rẹ̀, ẹ fi ayùn gé e ku nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 30, ẹ fi fáìlì kó orí rẹ̀ rìbìtì, kí ẹ fi rọ́bà rírọ̀ bò ó. Ọ̀bẹ ìdánrawò ti dé nìyẹn. Fiore fúnra rẹ̀, ìjàkadì àti ọ̀bẹ ló fi ṣáájú nínú ìwé rẹ̀ kó tó dé orí idà gígùn, ọ̀bẹ náà la ó sì gbé wọ orí tó kàn.